Okùn Tútù Lọ́rùn Màlúù

Okùn tí mo bá lọ́rùn màlúù wa láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe tiwa. Koríko odò ni wọ́n fi lọ́ ọ, ó ṣì tutù, omi ń kán lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iyanrìn ni gbogbo ìlú tí a ń gbé nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí koríko odò yóò rìn tó ọjọ́ méjì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Yakaka. Ó yẹ kókó okùn náà wò, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Bukar, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta kókó yìí."

Baba wa nìkan ló máa ń ta kókó báyẹn, Baba sì ti kú láti ọdún méjìlá.

Ngelea ni abúlé wa, létí adágún Ṣáàdì. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, ẹja kú, àwọn ará abúlé sì ń kó lọ díẹ̀díẹ̀. Baba kọ̀. "Omi á padà. Ta ni yóò pàdé rẹ̀?" A fi í sílẹ̀, a ní a ó wá mú un tó bá di oṣù tó ń bọ̀. A ò lọ. Aládùúgbò kan tó kẹ́yìn kúrò níbẹ̀ ló sin ín. Ojú tì wá, a ò sì débẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, màlúù wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. A tọ ẹsẹ̀ wọn.

"Bóyá Baba ń pè wá kó lè bá wa jà ni," mo sọ fún Yakaka.

"Tó bá fẹ́ bá ọ jà, ṣé màlúù ni yóò rán? Gbẹ́sẹ̀ jàre, ojo."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìrìn wa la wọ Ngelea. Òrùlé ti wó, àwọn ọkọ̀ ojú omi ti rì sínú iyanrìn. Ẹyẹ kan ò ké. Síbẹ̀ ẹnì kan ti gbálẹ̀ ojúlé wa. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn lórí ilẹ̀. Màlúù wa wà lẹ́bàá àwọn èèkàn àtijọ́, okùn tútù lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò wò wá. Ẹ̀yìn ilé ni gbogbo wọn kọjú sí.

Mo gbọ́ nǹkan níbẹ̀: ṣàà, ṣàà. Yakaka di ọrùn ọwọ́ mi mú pinpin. A yípo ògiri.

Omi ni. Adágún ti padà dé ẹ̀yìnkùlé wa, ẹja wẹ́wẹ́ ń ta nínú rẹ̀. Yakaka wọ̀ ọ́ dé orúnkún, ó bú sẹ́kún.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A pẹ́."

A ò padà sí ìlú iyanrìn mọ́.

Ọdún kẹta rèé. Agboolé mọ́kànlá ló ti padà, ibẹ̀ sì ni ìyàwó mi bí ọmọ wa obìnrin sí. Ohun kan ṣoṣo ni a kì í sọ fún àlejò. Láràárọ̀, kí a tó fún wàrà, ìyá màlúù á dá lọ sétí omi, á sì padà pẹ̀lú ọmú gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ a ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú tipẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e," ni ìyàwó mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, "ká mọ ẹni tó ń fún wàrà rẹ̀."

Yakaka mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀. Baba ti gbà láti mu wàrà lọ́wọ́ wa."