Ìkòkò Tí Atara Kò Fọ́

Ẹ̀wà pupa ni Atara gbé kaná, àmọ́ òórùn ẹran ewúrẹ́ ló ń jáde nínú ìkòkò.

Ó ṣí i wò. Ẹ̀wà náà ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó ń bẹ̀rù. Àtàárọ̀ ló ti ń fọ abọ́ níbi ìrúbọ ní Ṣílò, kò sì sẹ́ni tí ò mọ òfin ibẹ̀: ìkòkò bàbà tí wọ́n bá fi se ẹran ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á ha á, wọ́n á ṣàn án. Tamọ̀ ńkọ́? Fífọ́ ni, torí amọ̀ máa ń mu nǹkan sára.

"Fọ́ ìkòkò amọ̀ yẹn kóo tó lọ o," Gemali tó ń kó eérú ti sọ fún un. "Àbí o fẹ́ gbé e pọ̀n ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre."

Àmọ́ ìkòkò ilé ti là, ìyá ọkọ rẹ̀ ò sì tíì jẹun látàná. Ó fi ìborùn bo ìkòkò ẹbọ náà, ó gbé e lọ sílé. Látìgbà tí Jahasi, ọmọ kan ṣoṣo tí Atara bí, ti da àgùntàn lọ tí ò padà, àwọn méjèèjì kàn ń wo ọ̀nà ni.

"Ìyàwó mi, ẹran lo rí rà?"

"Ẹ̀wà ni, Ìyá. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá fi búrẹ́dì kó o, ó gbé e mì. Nígbà tó máa lanu, ohùn ọkùnrin ló jáde, jẹ́jẹ́, bíi tẹni tó gbọ́wọ́ lé orí ewúrẹ́ ẹbọ níwájú àlùfáà, tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Eré là ń ṣe. Mo tì í, mi ò mọ̀ pé kànga wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní kí n sáré lọ pe ìyá òun wá, Atara, ní Ṣílò. Ẹ̀rù bà mí. Mo sá."

Ètè ìyá ti funfun. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi abẹ́ ilẹ̀.

"Òtútù ń mú mi," ohùn tirẹ̀ ti padà, ó kéré. "Ìyàwó mi, fọ́ nǹkan yìí. Ó máa pa mí."

Atara gbé ọmọ ọlọ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Kànga wo?" ó béèrè.

Ìyá ò mọ̀. Ó ti gbé tẹnu ẹ̀ mì tán, ohùn yẹn sì ti lọ. Tí Atara bá sì fúnra ẹ̀ jẹ ẹ́, tí ohùn náà gba ẹnu ẹ̀, etí wo ló máa fi gbọ́?

Ó rọra gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀. Ó ya búrẹ́dì, ó rì í bọnú ìkòkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ó ní. "Ẹ lanu."