Ìbéèrè Malume ní Kóòtù

"Jẹun, Tama. Èèyàn kì í fi ikùn òfìfo dúró níwájú adájọ́."

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni ìyá Tamandani ti gbé ògì gbígbóná ka iwájú rẹ̀. Tama kàn ń fi ṣíbí rò ó lásán ni. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Màmá, mi ò lè jẹ nǹkan kan."

"Wàá jẹ ẹ́ ni o! Ṣé èmi ni mo ní kó o lọ la ẹnu fún ọlọ́pàá?" Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, o ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ṣé ilẹ̀ ò ṣú ni?"

"Kò tíì ṣú tán, Màmá."

"Tán, tán, tán! Ta ló bi ọ́ ní tán?" Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ gbà! "Èmi àti Malume rẹ la jọ mu ọmú kan náà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fi ìyẹn sọ́kàn."

Lábẹ́ òkè Mulanje níbi tí wọ́n ń gbé, ẹ̀gbọ́n ìyá lọ́kùnrin ló ni ọmọ ju bàbá tó bí i lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní malume. Malume ní í fọmọ fọ́kọ, òun ní í parí ìjà ẹbí, òun náà ní í sin òkú wọn. Ọmọ tó bá wá sọ̀rọ̀ lòdì sí malume rẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò dúró fún un lọ́jọ́ mìíràn? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí Tama fojú ba oorun láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ìwé ìpè kóòtù wá sílé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìròyìn kan gbòde pé àwọn kan ń wọ abúlé láàjìn, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Kò sí ẹni tó rí wọn o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹnì kan tó ti rí wọn. Malume Lyton kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti máa ṣọ́ ọ̀nà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, àlejò wọ gàù.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá àlejò kan, Bambo Nazombe, gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú kúlà lẹ́yìn. Oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sójú adìyẹ ló ń gbé kiri. Ní ọ̀sán, adìyẹ wà nínú oko, ta ló fẹ́ máa sáré lé wọn? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí wọ́n bá wọ ilé wọn lálẹ́. Kò sí ẹni tó ń sin adìyẹ tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba làákàyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n já kúlà, wọ́n rí yìnyín àti ìgò kéékèèké, ni ariwo bá ta: "Ẹ̀jẹ̀ wa rèé o!"

Tama ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó rí ẹni tó kọ́kọ́ ju bíríkì. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn bo bàbá náà. Ẹnì kan tiẹ̀ ti gbé epo bẹntiróòlù dé kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó yọ lójijì. Bambo Nazombe kò kú, àmọ́ ojú rẹ̀ kan fọ́.

Ọlọ́pàá wádìí ọ̀rọ̀ yíká abúlé. Àwọn kan ní àwọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní àwọn ń sùn. Nígbà tó kan Tama, ó ti sọ pé, "Mo rí i," kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu. Láti ọjọ́ náà, bó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé korobá wọn kúrò níbẹ̀.

*

Lábẹ́ igi tó wà níwájú kóòtù, ọlọ́pàá tó ń ro ẹjọ́ fún ìjọba pe Tama sí kọ̀rọ̀. Ọ̀gá Chirambo ni wọ́n ń pè é, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni.

"Ọmọ dáadáa. Epo yẹn ńkọ́? Malume rẹ ló gbé e wá, àbí?"

"Mi ò rí ẹni tó gbé e wá, sà."

"Rò ó dáadáa." Ẹ̀rín ọ̀gá náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé òun ni, ó fẹ́ pa èèyàn nìyẹn, ọwọ́ òfin á sì le mọ́ ọn. Wo bàbá olójú kan yẹn. Ṣé àánú ẹ̀ ò ṣe ọ́ ni?"

Àánú rẹ̀ kúkú ṣe é. Bambo Nazombe jókòó sórí àga gígùn, ó fi ọwọ́ kan bo ojú tó fọ́, ó ń fi èkejì lé eṣinṣin. Ní òdìkejì, ìyá Tama ń wò ó láìṣẹ́jú. Àwọn kan fẹ́ kó dín ohun tó rí kù, ẹlòmíràn fẹ́ kó fi kún un. Ó ṣe é bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Adájọ́ jẹ́ obìnrin kan tó wọ gíláàsì, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fún Tama ní Bíbélì, ó ní kó búra. Tama sọ ohun tó rí. Kò gùn rárá. Nígbà tó parí, adájọ́ yíjú sí Malume Lyton, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Ẹ ò ní lọ́yà, àbí? Òfin fún yín láyè láti bi ẹlẹ́rìí yìí léèrè fúnra yín. Ẹ máa bi í."

Malume dìde. "Tamandani."

Kí Tama tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rín.

"Dìde, ọmọ mi. Ilé la ti ń kúnlẹ̀ fún malume. Níbí, ìbéèrè ló máa bi ọ́, kò ní pàṣẹ fún ọ."

Tama dìde.

"Ta ló ń san owó ilé ìwé rẹ?" ni Malume bi í.

"Ẹ̀yin ni, Malume."

"Lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ pa ọ́, ta ló gbé ọ lọ sílé ìwòsàn nínú òjò?"

"Ẹ̀yin ni." Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé mo ti fọwọ́ kàn ọ́ rí?"

"Rárá, Malume."

"Ó dáa." Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo èèyàn bí ẹni tó ti jàre. "Pẹ̀lú ilẹ̀ tó ti ń ṣú yẹn, o ní o rí mi?"

Tama gbọ́ tí ìyá rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn. Ó di igi àpótí náà mú.

"Mo rí yín. Bàbá yẹn ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, adìyẹ ni mo...' Ẹ wá ní, 'Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sọ̀rọ̀! Oògùn wà lẹ́nu ẹ̀!' Ìgbà yẹn lẹ ju bíríkì lù ú lẹ́nu."

Ojú Malume wálẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

"Epo yẹn ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Tama. Ọ̀gá Chirambo na ọrùn síwájú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Tama ronú kan ojú tó fọ́ náà, ó sì ronú kan àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbé korobá sá fún un.

"Mi ò rí ẹni tó gbé e wá. Àmọ́ nígbà tí epo dé, ẹ ti kúrò láàárín wọn. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ń wo ọwọ́ yín."

Ọ̀gá Chirambo pòṣé. Malume Lyton yíjú padà sí adájọ́.

"Mi ò ní ìbéèrè mọ́, Olúwa mi," ló sọ nígbẹ̀yìn.

*

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀rí pé Malume Lyton fẹ́ pa èèyàn, ó sì wọ́gi lé ẹ̀sùn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi pé ó ṣe ọmọlàkejì rẹ̀ léṣe, ó sì máa ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ìyá Tama bú sẹ́kún. Tama náà sunkún, nítorí ó fẹ́ràn Malume rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò ní padà sí ilé ìwé ní sáà tó ń bọ̀. Oko tíì ló máa lọ já ewé.

Kí wọ́n tó mú Malume lọ, ọlọ́pàá gbà kí ẹbí kí i. Tama fà sẹ́yìn. Malume ló fi ojú pè é.

"Gbogbo àwọn tó wà nílé ń bínú sí ọ," ló sọ. "Èmi náà bínú. Bí wọ́n bá ní kí n bú ọ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bú ọ. Àmọ́ mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Gbogbo ohun tó wù mí ni mo bi ọ́, adájọ́ ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó fẹ́ fi epo kó bá mi ò rí i ṣe, torí pé wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ ó lẹ́rìí." Ó mi orí. "Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ńkọ́, Tama? Àwa tí a ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rárá? Bàbá yẹn ò tíì sọ ju 'Ẹ jọ̀ọ́, adìyẹ' lọ."

Ọlọ́pàá fà á lápá, ó sì bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, òfin tí a kò bá jẹ́ kó dúró ti àlejò tí à ń bẹ̀rù kò ní lè dúró ti àwa náà lọ́jọ́ tó bá kàn wá. Ó kan Malume Lyton, òfin sì dúró tì í. Bambo Nazombe kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bò ó.