Fídíò Ìyá Télọ̀

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló há sí ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin tó wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún fídíò àtijọ́ ṣe, kò sì jọ pé ó mọ̀. Ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ fẹ́ gún mi ni?"

"Ẹ má bínú, télọ̀ ni mí." Ó rọra gbé mẹ́mọ́rì káàdì fóònù àtijọ́ kan sílẹ̀ bí ẹyin. "Fídíò ìyá mi nìyí. Ó ṣe é sílẹ̀ fún ìyàwó tí mo bá máa fẹ́, kó tó kú. Kò sí fóònù tó ń ṣí i mọ́."

Ọmọbìnrin yìí ló kọ́ ìkànnì ilé iṣẹ́ wọn. Tí èèyàn bá ti gbé fídíò sí i, ìkànnì á pàṣẹ fún ètò kan nínú kọ̀ǹpútà pé kó yí i padà sí irú tí fóònù tuntun mọ̀. Ti ìyá télọ̀ ṣòro. Káàdì kú gbàrà tí ọmọbìnrin náà kó fídíò kúrò nínú rẹ̀, ìyípadà náà sì ń dúró lágbedeméjì. Ojoojúmọ́ ni télọ̀ ń wá béèrè. Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi di ẹ̀fẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ sì di ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ síta.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyípadà náà yọrí. Ọmọbìnrin náà wo gbogbo rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ohùn bá ẹnu mu, ó sì sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ ṣí i. Ìyá arúgbó kan ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

"Ìyá mi kọ́ nìyí," télọ̀ ní.

Ọmọbìnrin náà yẹ inú kọ̀ǹpútà wò. Oníbàárà mìíràn ti gbé fídíò tó ń jẹ́ "Màmá" bíi ti télọ̀ wá lálẹ́ àná, ọmọbìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé kó máa gbé tuntun lé àtijọ́ láì béèrè.

"Èmi ni mo pa á rẹ́," ló wí. Kò wá àwáwí kankan.

Télọ̀ dìde, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò gbé fóònù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọbìnrin náà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá yín ní tí inú bá ń bí yín, ẹ máa ń dákẹ́. Ó ní kí ìyàwó yín má bá yín dákẹ́."

Ẹ̀rọ dúró. Ẹnu télọ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ó wà lórí mi látòkèdélẹ̀. Ó ní kí ìyàwó yín máa yọ abẹ́rẹ́ lára yín kó tó dì mọ́ yín."

Télọ̀ dìde, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó na ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó kún fún abẹ́rẹ́ sí i.

"Yọ wọ́n."

Ọmọbìnrin náà ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló tún sọ?"

"Ó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni màá máa sọ ọ́ fún ẹ, títí a ó fi darúgbó."