Kọfí Tí Nayef Kò Gbọdọ̀ Mu

Ìró ni Nayef kọ́kọ́ gbọ́: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí adìyẹ tó ń ṣá ọkà lórí páànù. Ó yíjú. Obìnrin kan tó fi ìbòrí aláwọ̀ ewé borí ló jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Adé irin kékeré tí àwọn aránṣọ fi ń ti abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí ìka rẹ̀, òun náà ló sì fi ń tẹ lẹ́tà, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ gbàgbé nǹkan sórí ìka," Nayef sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìdí máṣíìnì ni mo ti ń bọ̀ tààrà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ káwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tó ń dúró de fọ́tò."

Rudayna lorúkọ rẹ̀. Kíláàsì àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n wà, ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní ìlú As-Salt, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án Sátidé. Fíríìjì ni Nayef ń tún ṣe. Ó ti lé lógójì ọdún, kò sì parí ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n fíríìjì ayé òde òní ti ní kọ̀ǹpútà nínú ikùn, wọ́n sì ti ń bá a jiyàn. Ìdí tó fi wá nìyẹn.

Iná mànàmáná ti gbé e rí. Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnì tí kò bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́. Á kọ ètò rẹ̀ ní ìlà dé ìlà, á kà á, á tún un kà. Tó bá wá ku kó tẹ bọ́tìnì tí yóò mú un ṣiṣẹ́, ọwọ́ á ká.

"Ẹ̀gbọ́n Nayef, ẹ tẹ̀ ẹ́ o!" Olùkọ́ wọn, tó tó ọmọ bí fún un, ń pariwo láti iwájú.

"Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná."

Rudayna bọ́ adé irin náà, ó gbé e sórí tábìlì Nayef. "Ẹ fi bọ ìka. Iná ò ní lè wọlé."

Irin! Ohun tí iná fẹ́ràn jù láyé. Ta ló mọ̀ ọ́n tó Nayef? Ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin náà, kò lè sọ ọ́. Ó fi bọ ìka, ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n fòò: àṣìṣe wà ní ìlà kẹta.

"Ṣé ẹ ti kú?" Rudayna béèrè.

"N ò tíì kú."

"Ó dáa. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún un tẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, búrẹ́dì elépo ólífì dé sáàárín wọn, "ẹ" sì di "o". Lọ́jọ́ kan, lórí àtẹ̀gùn òkúta tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Nayef lọ sí ilé Rudayna lókè, Nayef dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Rudayna... bí ẹnìkan bá fẹ́ wá rí Bàbá..."

"Ẹnìkan wo?"

"Ẹnìkan tó ń tún fíríìjì ṣe."

"Tẹ bọ́tìnì, jàre!"

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ẹn-hẹ́n," ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ṣùgbọ́n Alàájì Dhiyab, bàbá Rudayna, kì í ṣe ẹran rírọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ yìí nìkan ló kù nínú ilé. Kò sí afẹ́sọ́nà tó wá tí kò lé. Ó ní irùngbọ̀n tẹni kan wọ́, ó ní tẹlòmíì ń gbọ́ràn jù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Nayef, Abu Sakher, ló máa ṣíwájú àwọn tó ń lọ tọrọ ọmọ. Ó pe Nayef jókòó. "Wọ́n á gbé kọfí síwájú rẹ. Gbé e kalẹ̀. Àfi tí wọ́n bá gbà fún wa ká tó mu ún. Ẹni tó bá mu ún ṣáájú ti sọ pé òun ò wá nǹkan kan. Kí ni mo sọ?"

"N ò gbọ́dọ̀ mu ún."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, yàrá àlejò Alàájì Dhiyab kún fún irùngbọ̀n funfun. Kọfí dé. Abu Sakher kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ádámù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Núà ni ọ̀fun Nayef gbẹ bí ìyẹ̀fun. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Ó gbé kọfí náà mì. Ó tún lá ètè.

Abu Sakher fọwọ́ bojú.

"Ó dáa," Alàájì Dhiyab dìde. "Ẹ ti mu kọfí wa. Ẹ ò wá nǹkan kan nìyẹn. Ẹ kílé o."

Aṣọ ìkélé ṣí. Rudayna fúnra rẹ̀ ló gbé àwo jáde, níbi tí obìnrin kì í dé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ife kọfí kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú adé irin. Ó gbé e síwájú Nayef. "Ìlà kẹta," ó ní. "Tún un ṣe." Ó wọlé padà.

Nayef fi adé irin bọ ìka. Ó gbé kọfí náà kalẹ̀ jìnnà sí ẹnu rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rù ló gbẹ mí lọ́fun. Mo fẹ́ fẹ́ Rudayna."

Alàájì ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. Nayef rí i. Bí ọwọ́ Nayef fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ká nídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn, tẹ́rù bá ń bà á.

"Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, Bàbá."

Àwọn àgbà pòṣé. "Ọmọ yìí ti ya wèrè!"

"Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yín ni ṣọ́ọ̀bù mi wà," Nayef ń bá a lọ. "Yàrá òkè yín ṣófo. Ẹ gbà wá síbẹ̀. Ẹ ò ní dá jẹun lọ́jọ́ kan."

Alàájì tún jókòó. "Fíríìjì mi ń ké láti èṣí."

"Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo wọlé, Bàbá."

"Mu kọfí rẹ."

Nayef ò mira. Ó yíjú wo Abu Sakher.

"Mu ún, òmùgọ̀!" Gbogbo wọn pariwo pa pọ̀.

Ó mu ún. Adé irin tó wà ní ìka rẹ̀ ń lu ife: kọ̀, kọ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹnìkan fi ṣíbí lu ìkòkò, ó dá a lóhùn: kọ̀, kọ̀, kọ̀.