Ikùn Lẹ́tà Kan

Ọjọ́ tí tíṣà kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan ni ara ti fu obìnrin náà. Ó na bírò sí tíṣà pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé oníbàárà. Tíṣà dá bírò padà.

"Ẹ bá mi kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ tiyín dára ju tèmi lọ."

Èwo ni ọwọ́ dára? Aránṣọ tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, tó ń ka lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú ìránṣọ tó wọ́.

Síbẹ̀, ìfẹ́ wọlé. Ṣòkòtò kan di mẹ́ta, ìkíni di ìjókòó. Tíṣà ń pè é ní "Ìtura mi." Inú aránṣọ á dùn, ẹ̀rù á sì tún bà á. Bó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ohùn ni ọkùnrin yìí fi ń fèsì. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí.

"Ó níyàwó níbì kan," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí, ẹni tó gbà á sílé nígbà tí ọkọ àkọ́kọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Ọkọ rẹ ìjọsí ńkọ́? Ṣebí ẹnu ló fi ṣèlérí gbogbo, ló wá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí eléyìí kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má tẹ ilé yìí mọ́."

Aránṣọ jíṣẹ́. Tíṣà ń nu ojú tí kò làágùn.

"Ó dáa," ló wí.

Lọ́jọ́ kẹta, bébà dé. Aránṣọ kà á, ó tún un kà: *Mi ò fẹ́ bá gbé mọ́.*

"Kò fẹ́ bá ẹ gbé mọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìgbà wo ló tiẹ̀ bá ẹ gbé?"

 Aránṣọ ki ṣòkòtò tó kù sínú ọ̀rá, ó forí lé ilé ìwé, kó lè jù ú sórí tábìlì tíṣà.

Ojú fèrèsé ló dé tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú pátákó tó kọ lẹ́tà sódì sí, ó ń sunkún, àwọn yòókù ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́," ni tíṣà wí. "Èmi tí mò ń kọ́ yín yìí, lẹ́tà máa ń yí padà mọ́ mi lójú. Ikùn *d* á yí sódìkejì, á di *b*. Àtikékeré ni, kò tíì lọ. Mi ò ya òpè, mi ò ya ọ̀lẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kẹ́ ẹ bá mi kọ nǹkan sójú pátákó."

"Ẹ̀yin náà, sà?" ni ọmọbìnrin náà béèrè.

"Èmi náà. Mo kọ ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fà á ya. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí ẹ̀."

Aránṣọ yọ bébà náà. Ó fi ìka bo ikùn lẹ́tà kan, ó yí i padà lọ́kàn. *Mi ò fẹ́ dá gbé mọ́.*

Ó lè jẹ́ ẹ̀tàn o. Ó wọlé, ó na bébà náà sí i.

"Ẹ kà á fún mi."

Tíṣà ò wo bébà. Ojú obìnrin náà ló ń wò. "Mi ò fẹ́ dá gbé mọ́."

Aránṣọ yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì aṣọ, ó tún ikùn lẹ́tà náà ṣe.

"Màá tún un kọ fún ẹ̀gbọ́n, Ìtura mi."

"Ẹ má kọ nǹkan kan mọ́. Ẹ wá sọ ọ́ lójú wọn. Èmi ni màá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin á tọwọ́ bọ̀ ọ́." Ó wò ó. "Kò sí ìyàwó níbì kan ṣá?"

"Kò sí."

"Màá kọ ìyẹn náà sí i."