Ohùn Kẹtàdínlógún

Ọkùnrin náà funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ pàápàá funfun, ó sì dúró ṣinṣin lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà ní ọ̀sán gangan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde nínú ìyẹ̀fun. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ṣèyífúnmi Ọmọlabí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Mowe, di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì lè lọ síwájú mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òkú ni.

"Ẹ má sá," ni òkú náà wí. "Eruku èèpo ìrẹsì ni."

Ó gbọn orí, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀wù, eruku sì gbéra bí èéfín. Láàárín rẹ̀ ni ọkùnrin dúdú kan ti yọ, eyín rẹ̀ mọ́, àárẹ̀ sì hàn díẹ̀ lójú rẹ̀. "Èmi ni Sàhéèdì Ìyàndá, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni ilé ẹ̀rọ yìí. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá láti báǹkì?"

"Èmi ni. Mo rò pé... ẹ má bínú."

"Ẹ rò pé mo ti kú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣèyífúnmi náà rẹ́rìn-ín.

Báǹkì tí Ṣèyífúnmi ń bá ṣiṣẹ́ ní Èkó kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń tò sí láti gba owó. Báǹkì ìdókòwò ni. Iṣẹ́ wọn ni láti wá ilé-iṣẹ́ tó ní ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní owó láti fi gbòòrò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, kí wọ́n pín in sí ìpín kéékèèké, kí wọ́n sì tà á fún àwọn tí owó wọn jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Sàhéèdì lórí àga onígi kan níwájú ẹ̀rọ.

"Owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà wà níbì kan ní Èkó, kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin náà wà níbí, ẹ ń fi ọwọ́ ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Tí owó yẹn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó ra ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta, tó sì ń fa eruku. Ẹ ó gba òṣìṣẹ́ sí i, àgbẹ̀ á rí ẹni ra ìrẹsì rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì á sì rí èrè jẹ."

"Alárinà ni yín nìyẹn."

"Alárinà owó."

"Ta wá ni alárinà tiyín?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀rọ," Ṣèyífúnmi sọ, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ẹ́síteèti ti ri òpó wọn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ẹ̀rọ. Tí owó tuntun kò bá wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ yóò ta ilẹ̀ fún wọn, ohun gbogbo yóò sì parí síbẹ̀.

Ìlànà kan wà tí báǹkì náà kì í fò: kí wọ́n tó ta ìpín ilé-iṣẹ́ kan fún ará ìta, òṣìṣẹ́ báǹkì gbọ́dọ̀ fi ojú rí gbogbo àwọn tó ni ín, kí ó sì gbọ́ ohùn wọn. Orúkọ ọgọ́ta ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n pàdé nínú ilé ẹ̀rọ. Sàhéèdì ń pe orúkọ, Ṣèyífúnmi jókòó tì í, ó tẹ orí ba, ó ń sàmì.

"Mojísọ́lá Ògúnlàdé."

"Mo wà níbí."

"Sùlèímọ́nù Àjàní."

"Mo wà níbí," ohùn ọkùnrin kan tó há díẹ̀.

Nígbà tó kan ẹni kẹtàdínlógún, obìnrin kan kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Mo wà níbí," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Gbogbo ọgọ́ta ló dáhùn. Ṣèyífúnmi gbé orí sókè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì rí i pé èèyàn orí bẹ́ǹṣì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kà wọ́n. Mẹ́tàdínlógójì ni. Ó tún wọn kà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

"Àwọn mẹ́tàlélógún tó kù dà?"

Àlàájà Fàsílátù, alága ẹgbẹ́, wò ó tàánútàánú. "Ọmọ mi, àwọn yẹn ti kú. A kàn máa ń pè wọ́n, a ó sì dákẹ́ díẹ̀ fún wọn. Bí a ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò fa ìlà lórí orúkọ wọn?"

"Ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn, mà."

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ń lu ara rẹ̀, pàà, pàà.

"Ta ló dáhùn?" Sàhéèdì béèrè jẹ́jẹ́.

"Gbogbo wọn. Ẹni kẹtàdínlógún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ná."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Sàhéèdì. Nùsírátù Ìyàndá ni orúkọ kẹtàdínlógún nínú ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí eruku ilé ẹ̀rọ yẹn ti pa á, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀ ọ́ láyà.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni Ṣèyífúnmi sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ládélé: pé ènìyàn mẹ́tàlélógún ti kú nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

"Òkú kò lè ní ìpín," Ọ̀gbẹ́ni Ládélé wí. "Wá àwọn àjogún wọn. Kí wọ́n gba ìwé kóòtù, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣèyífúnmi àti Sàhéèdì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ìbàfò lónìí, Mowe lọ́la, Ìfọ̀ lọ́túnla. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Ìfọ̀ ni wọ́n ti rí ọmọ Sùlèímọ́nù, Zubair, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan. Bó ṣe la ẹnu kí wọn báyìí, Ṣèyífúnmi di àga mú. Ohùn tó há díẹ̀ yẹn gan-an ni. Zubair fọwọ́ sí ìwé. Bó ṣe gbé bírò kúrò lórí ìwé, ohun kan dáwọ́ dúró ní etí Ṣèyífúnmi, bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá kú tí èèyàn wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti ń dún láti àárọ̀. Ìgbà náà ló yé e. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, àwọn mẹ́tàlélógún ló ń mí ní etí rẹ̀. Wọ́n ti ku méjìlélógún.

Àjogún kan fọwọ́ sí i, ohùn kan lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Sàhéèdì.

"Ẹ̀rù ò bà yín?" Sàhéèdì béèrè. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàfò, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà.

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń dúró ni."

"Bàbá yín tẹ́ ẹ ní wọ́n ti kú ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ wọn?"

"Ọdún méje. Mi ò gbọ́ wọn rí."

Sàhéèdì ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Bóyá wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀ tí ẹ ò tíì gbà."

Ṣèyífúnmi yí ojú sí títì títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tó wẹ̀yìn, Sàhéèdì ti gbé èyí tó tóbi jù nínú bọ̀ọ̀lì náà sórí ìwé tí Ṣèyífúnmi fi ń jẹ tirẹ̀.

"Ẹ ń jẹun bí ọmọ ilé-ìwé míṣọ́n," Sàhéèdì wí. " Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó padé."

"Míṣọ́n ni mo lọ. Ẹ̀yin ń jẹun bí ẹ̀rọ yín, ẹ ń ta èèpo káàkiri."

"Tẹ́ ẹ bá lè bú mi báyìí, ẹ yé máa pè mí ní ẹ."

"Ìwọ náà yé máa pè mí ní ẹ nìyẹn."

"Ó dáa, Ṣèyí mi."

Ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Kò sì sí ẹni tó tún un ṣe nínú àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Sàhéèdì kì í gbàgbé ní ìrọ̀lẹ́, kí Ṣèyífúnmi tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ lónìí?"

"Ó ń mí," Ṣèyífúnmi á wí. Tàbí, "Ó wúkọ́ nígbà tí a kọjá lọ́jà Ìfọ̀." Ojú Sàhéèdì á sì là bí yàrá tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, inú Ṣèyífúnmi máa ń dùn láti fún un ní ẹ̀bùn kékeré yìí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́kàn. Ó wọ bùláòsì tuntun, Sàhéèdì kò rí i. Ó dirun, kò rí i. Etí rẹ̀ ló máa ń wò.

Ìyá Ṣèyífúnmi, tí wọ́n jọ ń gbé ní Mowe, gbọ́ ìtàn náà tán, ó pa Bíbélì rẹ̀ dé.

"Mùsùlùmí ni. A lè bá ìdílé rẹ̀ jókòó sọ ìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kú, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ó ti sin ín tán?"

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Méjìlélógún ti fọwọ́ sí i. Ó ku ẹyọ kan, Sàhéèdì fúnra rẹ̀ sì ni àjogún rẹ̀. Ìwé kóòtù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù, Ṣèyífúnmi gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ gbogbo wọn ránṣẹ́ sí báǹkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ títa ìpín náà kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ṣèyífúnmi tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀ nínú ilé ẹ̀rọ.

"Fọwọ́ sí i, Sàhéèdì."

"Tí mo bá fọwọ́ sí i, o ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Mi ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Fún mi ní oṣù kan sí i."

"Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ò ní dúró fún oṣù kan. Àlàájà ńkọ́? Gbogbo àwọn tó ń jẹun níbí ńkọ́?" Ohùn Ṣèyífúnmi rọlẹ̀. "Sàhéèdì, ṣé èmi lò ń wá ni, àbí etí mi?"

Sàhéèdì fi ọwọ́ ti ìwé náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú eruku tó ń fò lókè àpò ìrẹsì, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Sàhéèdì kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i lójú Ṣèyífúnmi pé ó gbọ́, ó sì sáré tẹ ara síwájú.

"Kí ló wí?"

Ṣèyífúnmi gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ládélé pè é lórí fóònù. "Orúkọ kan péré nínú ọgọ́ta. Sàmì sí i. Ta ni yóò mọ̀?"

"Tíṣà tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ìpín yìí kò ní lè wá sí Ọ̀fàdà wá wò ó, sà. Ohun tí mo bá kọ ni yóò gbà gbọ́. Tí a bá ti ń purọ́ fún un, kí la wá ń tà?"

Ó kọ òtítọ́ sílẹ̀: ẹni kẹtàdínlógún ti kú, àjogún rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní pálọ̀ ní Mowe, kò tíì lè fi í ránṣẹ́. Kò lọ síbì kankan.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ló lọ ṣí i. Sàhéèdì ni, nínú jálàbíà tó fi kí Jímọ́ọ̀, òjò ti pa á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí simẹ́ńtì.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni Sàhéèdì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kan lójú yín."

"Dìde, má dọ̀tí aṣọ rẹ. Ìwé kí ni?"

"Ti ìyàwó mi tó kú, mà. Àná ni ọmọ yín bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò lè dá a lóhùn. Mo ti lọ kí ìyàwó mi níbi tí a sin ín sí láàárọ̀ yìí. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò padà débẹ̀ rí."

Ìyá náà ti àwo ọsàn kúrò lórí tábìlì, kí àyè lè wà fún un.

Sàhéèdì kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá. Bó ṣe gbé bírò sókè, Ṣèyífúnmi gbọ́ ikọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítòsí gan-an, bí ẹni tó jókòó tì í lórí àga. Obìnrin kan sì wí jẹ́jẹ́, bí aládùúgbò ṣe máa ń wí tó bá fẹ́ lọ sílé, "Mo ń lọ o."

Ìyá Ṣèyífúnmi, tó ń bó ọsàn, kò gbé orí sókè. Ó kàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà kọjá.

Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Òjò nìkan ló ń rọ̀.

Sàhéèdì gbé ojú sókè. Ṣèyífúnmi mú ara le, ó ń dúró de ìbéèrè náà: kí ló wí? Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dùn òun. Ṣùgbọ́n Sàhéèdì kò wo etí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i fún ìgbà àkọ́kọ́: ojú tó wú, irun tí kò ya, ètè tó gbẹ.

"Ṣèyí," ó wí, "ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ẹkún tí kò sun láti àná wá tú dànù. Ó mi orí pé rárá.

Sàhéèdì yíjú sí ìyá Ṣèyífúnmi, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Mà, tí ẹ bá lè gbà fún mi, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ máa bi í lójoojúmọ́."

Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì wo ọkùnrin tí omi ń ro lára rẹ̀ sílẹ̀.

"Fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí wọn kí agogo márùn-ún tó lù, ìwọ Ṣèyífúnmi. Ìwọ, bọ́ bàtà yẹn, kí o wá bá mi gbé ìkòkò. Ta ló sọ fún yín pé kò sí oúnjẹ nílé yìí?"