Oògùn Ọjọ́ Méjì Tí Flurina Dà Nù

Ṣúàà! Flurina fa omi ilé ìyàgbẹ́, oògùn ọjọ́ méjì bàbá rẹ̀ sì bá omi lọ. Ó kó súìtì míńtì sínú ike oògùn náà, ó wá jó díẹ̀ níwájú dígí.

Lionel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló fà á. "Heroíìnì ni dókítà ń fún bàbá ẹ, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ ní mílíìkì!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Flurina, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bá pinnu láti wo bàbá rẹ̀ sàn láàárín ọjọ́ méjì.

Ọdún mẹ́ta ni Reto, bàbá rẹ̀, tí heroíìnì ti di bárakú fún, ti ń lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Bern lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, níbi tí òfin ti gbà kí dókítà máa wọ̀n ọ́n fún irú wọn kí wọ́n má bàa rà á ní ìgboro mọ́, tó ń gba oògùn náà níwọ̀n lójú nọ́ọ̀sì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n gbà kó mú un lọ sílé, kó lè bá ọmọ rẹ̀ gun òkè.

Lórí òkè, wọ́n ń yan sọ́sééjì nígbà tí Reto ṣí ike.

"Súìtì? Ṣé mo ti di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni?"

"Ẹ máa sàn báyìí, Dádì!"

Àfi bí òógùn ṣe bò ó, tí gbogbo ara ń gbọ̀n. Sọ́sééjì bọ́ sínú iná. Reto fa fóònù yọ.

"Mi ò tíì gbàgbé nọ́ńbà ọkùnrin tó ń tà á fún mi tẹ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é!"

"Ó dáa, gba fóònù. Pe nọ́ọ̀sì, kí o sọ òótọ́."

Flurina tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn. "Nọ́ọ̀sì Aebischer, èmi ni mo da oògùn Dádì nù."

Nọ́ọ̀sì dáhùn kíá: "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó kàn! Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ ó ti bá mi!"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò pẹ́ tí Reto gba oògùn tí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Flurina. "A kì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ ká ní kó sáré. Fún oṣù méjì, bàbá rẹ ò ní mú oògùn kankan lọ sílé mọ́."

Flurina bú sẹ́kún. Reto gbá a mọ́ra.

"O ṣé, ọmọ mi."

"Ẹ̀ ń dúpẹ́ kẹ̀?"

"Ọdún méje ni mo fi purọ́ fún màmá ẹ nípa heroíìnì. Ìwọ ò lò ju ọjọ́ kan lọ tó o fi jẹ́wọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹgbẹ́ sọ yín di dókítà. Oògùn tí onímọ̀ ń wọ̀n fúnni kì í ṣe ìtìjú. Bẹ́ ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́: Flurina sọ tirẹ̀ lásìkò, bàbá rẹ̀ sì wà láàyè tó ń dúpẹ́.